Ìsìnkú Orí Bébà

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún 1983, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, Mùsíò Nathanaël ti pa ìyá àgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní Bantè. Kò lo ìbọn, kò lo àdá. Ṣọ́ọ̀kì ló lò. Ó kọ gbólóhùn kan sójú pátákó lédè Faransé, ó fa ìlà méjì sí i nídìí, ó sì kọjú sí àwọn ọmọ.

“Ìyá àgbà mi kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Gbogbo yín, ẹ kọ ọ́!”

Wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má tíì bú ọkùnrin náà. Ọgbọ́n ló ń dá. Ìdánwò BEPC ku oṣù mẹ́ta, ìdánwò tí àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì Bantè ń lọ ṣe ní Savalou, àròkọ ibẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló lọ, mẹ́rin ló yege. Mùsíò Nathanaël pe àwọn mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wádìí ohun tí wọ́n kọ. Òkú ni! Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sin òkú nínú àròkọ wọn. Ọkùnrin náà fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí lu páànù. Ó ti rí oògùn.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ló wí, ó ń lọ síwá ó ń bọ̀ sẹ́yìn bí àkùkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn. “Ẹni tó ń máàkì ìwé yín, èèyàn ẹlẹ́ran-ara ni. Ó ti ka igba ìwé kó tó kan tìrẹ. Ooru ń mú un, ebi ń pa á. Bí o bá kọ ‘mo lọ sọ́jà, mo ra iṣu’, á fún ọ ní mẹ́rin nínú ogún, á sì máa tòògbé lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyá àgbà kú! Jẹ́ kó rọra kú, kó di ọwọ́ rẹ mú, kó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Omi á bọ́ lójú rẹ̀, méjìlá á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!”

Razack, gíga bí òpó, gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn kíláàsì. “Kàmáràdì olùkọ́, bí wọ́n bá wá ní ká ròyìn ọjọ́ ọjà ńkọ́?” Báyìí ni ìjọba ìgbà náà ní kí wọ́n máa pe olùkọ́.

“Ọjà lo wà tí wọ́n fi wá pè ọ́ pé ìyá àgbà ń kú lọ.”

“Bó bá jẹ́ ìkórè oko ilé-ìwé ńkọ́?”

“Ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ tí ìránṣẹ́ dé.”

“Bọ́ọ̀lù ńkọ́?”

“O fẹ́ gbá a wọlé báyìí, wọ́n fọn fèrè! Kí ló dé? Ìyá àgbà!”

Ẹ̀rín fọ́ kíláàsì. Ìlà ogójì ni àròkọ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sórí bí wọ́n ṣe kọ́ orúkọ ara wọn. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tẹ orí ba, wọ́n ń kọ ọ́. Ẹnì kejìdínlọ́gbọ̀n ká ọwọ́ sórí itan.

“Ìyábọ̀dé, òkú tìrẹ dà?”

“Kò sí, Kàmáràdì.”

“Kò sí báwo? Ìyá àgbà rẹ ṣì wà láyé?”

“Wọ́n wà.”

“Ní ibo?”

Ọmọbìnrin náà fi ìka kan àyà ara rẹ̀. “Àwọn nìyí.”

Kíláàsì tún bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti pẹ́ ní Bantè tó láti mọ̀ pé a kì í fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bó ṣe rí nìyí. Ọdún keje tí Bàbá Ézéchiel, bàbá àgbà Ìyábọ̀dé, ti ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Gánà ni aya rẹ̀, Élisabeth, kú nílé. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà sọnù lọ́nà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, bàbá fúnra rẹ̀ gbéra láìmọ nǹkan kan, ó dé pẹ̀lú àpótí lórí àti aṣọ ìró tuntun mẹ́ta fún aya rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ Siméon bímọ. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi sọ méjèèjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà: “Bàbá, aya yín ti lọ, bàbá, aya yín ti dé.” Wọ́n gbé ìkókó lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó pẹ́. “O dúró dè mí,” ló wí. Kò sunkún. Kò fá orí. Kò jókòó sórí ẹní ọ̀fọ̀ fún wákàtí kan. Ta ni yóò ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ń mu ọmú níwájú rẹ̀? Ọdún kẹtàdínlógún rèé.

Ayé Ìyábọ̀dé nínú ilé náà kì í ṣe ayé ọmọdé. Òun ni wọ́n ń fún ní iwe adìẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán an ní iṣẹ́. Bàbá rẹ̀, Siméon, géńdé tó ń kọ ẹgbẹ̀rún ebè iṣu lọ́dún, “Ìyá” ló ń pè é. Ọjọ́ tó fọ́ ìkòkò omi, Siméon mú pàṣán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n nà yín.” Ó dìde, ó nà án ní mẹ́ta, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà súre fún un.

Ṣùgbọ́n ìyá tàbí kì í ṣe ìyá, ó ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá. Bí bàbá àgbà ṣe ń to iṣu sí abà ló kọ nípa rẹ̀. Wọ́n fún un ní mẹ́rin. Siméon sì ti sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú bó ṣe ń sọ ọ́: “Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Bí kò bá bọ́ sí i, Gouka ni ẹ ń lọ, lọ́dọ̀ Àǹtí Madeleine, ẹ ó máa bó gbágùúdá.” Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Ìyábọ̀dé fẹ́ kọ́, wọn kò sì gba ẹni tí kò ní BEPC. Nítorí náà, ìlà ogójì kan ló wà láàárín òun àti ọ̀bẹ gbágùúdá. Ìlà àkọ́kọ́ ni kò lè kọ.

“Mú ìyá àgbà ẹlòmíì,” ni Mùsíò Nathanaël gbà á nímọ̀ràn. “Mú àǹtí.”

Ó gbìyànjú. Ó pa Àǹtí Madeleine, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó hàn nínú ìwé.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dé etí ìyá àgbà Razack. Ìyá Houlératou ló ń dín wàgàṣì, ìyẹn wàrà, lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè rí. Ọmọbìnrin kíláàsì wọn kan tó ń jẹ́ Rakia lọ sọ fún un pé Razack ti pa á, ó sì ti sin ín. Ìyá náà dìde pẹ̀lú ìgbakọ wàgàṣì lọ́wọ́, òróró ń kán sílẹ̀, ó rìn wọ kíláàsì.

“Ta lolùkọ́ níbí?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Wọ́n ní o ní kí ọmọ-ọmọ mi pa mí.”

“Ìyá, orí bébà lásán ni…”

“Ṣé mo ní kì í ṣe orí bébà ni? Razack, dìde. Kà á fún mi.”

Razack dìde. Ó ń ka Faransé, ó ń tú u sí èdè ilé, òjò ń ṣú, ọwọ́ ń tutù, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ń jáde. Nígbà tó dé ibi pósí, ìyá náà gbé ìgbakọ sókè.

“Dúró! Kí ni pósí ń wá níbẹ̀? Mùsùlùmí ni mí. Yọ mí nínú àpótí yẹn kíá!”

“Mo ti yọ yín, Ìyá.”

“Máa kà á lọ.”

“Wọ́n pa màlúù kan…”

“Mélòó?”

“Ọ̀kan, Ìyá.”

“Ọ̀kan! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́sàn-án! Ìwọ olùkọ́, ojú mi yìí, ṣé ojú màlúù kan ni? Fi ọ̀kan kún un!”

Razack kọ ọ́: méjì. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pín wàgàṣì kan kan fún gbogbo kíláàsì láìgba kọ́bọ̀, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. Mùsíò Nathanaël alára jẹ méjì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n lọ jí Ìyá Houlératou fún àdúrà òwúrọ̀. Kò jí.

Òjò ṣú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tètè sin ín gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀sìn rẹ̀. Fún sàráà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Bantè ra màlúù kan. Nígbà tí wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀, ọkọ̀ dúró: àbúrò wọn Sanoussi ló ti Parakou dé, màlúù kejì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó mú un wá.

Ọjọ́ tí Razack padà sí ilé-ìwé, ó gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì olùkọ́. “Kàmáràdì, ẹ gbà á. Mi ò fi ọwọ́ mi kọ òkú mọ́.”

“Razack, ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kàmáràdì. Ó ti lé ní ọgọ́rin, kò kú. Ìgbà tí mo kọ ọ́ ló kú.”

Kò sí ẹni tó fi bíìkì ìkọ̀wé kan bébà lọ́sẹ̀ náà. Mùsíò Nathanaël fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ó fi ìtàn ìlú Faransé bọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọn kò gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, òun pàápàá gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó lọ sí Savalou. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé níbẹ̀, òun náà sì ti kọ gbólóhùn náà sójú pátákó pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bá a tó ń gún ata. Ìyá náà béèrè ohun tó gbé e wá. Ó ní ata náà ni.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, ẹ wá wo àròkọ! Ẹnì kan kọ pé ìyá àgbà òun kú díẹ̀. Rakia kọ pé tirẹ̀ ti ń kú lọ, ebi wá ń pa á, ó sì padà. Olùkọ́ fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ó tó! Láti òní lọ, òkú nìkan ni ká máa pa. Kí oníkálùkù lọ sílé, kó wá ẹni tó ti kú tẹ́lẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀.”

Ìyẹn dára. Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn ọmọ lọ sílé, wọ́n da ìbéèrè bo àwọn àgbà, wọ́n kó òkú bọ̀ bí ẹni kó ìgbín lẹ́yìn òjò. Sétou ní mẹ́ta. Ó yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní méjì. Ìgbà náà ni gbogbo ojú wá yí sí Ìyábọ̀dé.

“Wo ẹni tí tirẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i!” ni Sétou wí, ìlara wà lóhùn rẹ̀. “Ta ló ní òkú tó dájú tó tìrẹ?”

“Tìrẹ ni kò léwu jù nínú kíláàsì yìí,” ni olùkọ́ fi kún un. “Kọ ọ́, ọmọ mi. Kí ló tún kù tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá àgbà rẹ?”

Ìyábọ̀dé pa ìwé rẹ̀ dé. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó kù.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ní òdìkejì àgbàlá, bàbá àgbà bọ́ aṣọ funfun ìjọ sórí okùn, ó jókòó sórí àpótí, ó ń lọ́ okùn abà iṣu. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Bàbá kò mọ̀wé; lẹ́tà kan kò yàtọ̀ sí ìkejì lójú rẹ̀.

Ìyábọ̀dé mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́: ìyá àgbà mi kú.

“Kí lo ní, aya mi?” ni bàbá wí, láìyíjú padà.

“Mi ò sọ̀rọ̀, Bàbá.”

“Ó dáa.”

Ó fa ìlà pa á. Ó dúró títí okùn ọwọ́ bàbá fi gùn sí i ní ìwọ̀n apá kan. Ó tún kọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jí ẹran nínú ọbẹ̀.

“Mo gbọ́ ọ,” ni bàbá wí. “Kí ni?”

“Bàbá, mi ò pè yín.”

Ara ọmọ náà tutù nínú ooru oṣù kẹrin. Ó wo ewé máńgòrò; kò mì. Ó wo adìẹ tó ń já koríko. Adìẹ náà gbé orí sókè, ó dúró. Ó ní òun yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ènìyàn ṣe máa ń fi ahọ́n kan eyín tó ń dùn ún. Kò tíì kọ ọ́ tán. Ó ku lẹ́tà kan tí òjìji fi bò ó.

Bàbá Ézéchiel ló dúró lé e lórí, okùn ń fà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“O ń pè mí, mò ń dáhùn, o kò sì sọ nǹkan kan. Aya mi, ṣé o ń lọ ibì kan ni?”

Ìyábọ̀dé fa bébà náà ya. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìlà ogójì, Ìyá Houlératou, màlúù kejì, Gouka. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi etí sí i.

“Bí o kò bá kọ ọ́, Gouka ni?”

“Gouka ni, Bàbá.”

“Bí o bá kọ ọ́ ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀.

“Èmi kò mọ̀wé,” ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n bébà ni wọ́n fi fẹ́ sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́. Bébà náà kò bá mi. Mo ti rò ó fún ọdún mẹ́tàdínlógún: nítorí pé kò bá mi lo fi rí àyè padà. Ibi tí ìròyìn kò tíì dé, ènìyàn kò tíì kú níbẹ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn rẹ̀. “Mi ò lè ní kí o máa bó gbágùúdá nítorí mi. Ṣe èyí tí o bá fẹ́ ṣe. Ṣáà má kọ ọ́ nínú ilé yìí.”

*

Ní oṣù kẹfà, bàṣé kan, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bò, kó àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n lọ sí Savalou. Erùpẹ̀ pupa bò wọ́n débi pé nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn kò mọ ta ni Sétou, ta ni Rakia. Mùsíò Nathanaël gun mobilẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé wọn, ó ń kígbe ìlà àròkọ láti ẹ̀yìn: “Òjò ṣú! Kí ló tẹ̀ lé e?” Àwọn ọmọ ń dáhùn látinú ọkọ̀: “Ọwọ́ rẹ̀ tutù!” Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ṣíjú sókè, wọ́n gbàdúrà; wọ́n rò pé òkú ni ọkọ̀ náà gbé.

Àpèkọ ló kọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ kejì, ohùn olùkọ́ kan tí wọn kò mọ̀ rí, tó ń ka gbólóhùn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta bí ẹni ń bẹ adájọ́. Ìyábọ̀dé ṣe dáadáa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín bébà àròkọ. Wọ́n kọ kókó rẹ̀ sójú pátákó: Ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn ti ìrìn-àjò jíjìn dé. Ẹ ròyìn bí ẹ ṣe pàdé rẹ̀.

Ìmí ìtura gba yàrá náà kan. Nǹkan rírọrùn! Onítọ̀hún dé láti wá sin ìyá àgbà ni! Orí tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan kọjá. Bébà Ìyábọ̀dé funfun báláú. Ó ka kókó náà, ó tún un kà. Ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fún àwọn ará Savalou? Ó gbọ́ ìró bíìkì lọ́tùn-ún, ó gbọ́ ọ lósì, gbogbo wọn ń họ bébà, wọ́n ń họ ọ́, kò sì pẹ́ tí kò fi dà bí bíìkì létí rẹ̀ mọ́. Ọkọ́ ni. Ọkọ́ púpọ̀ lórí ilẹ̀ líle.

Ó gbìyànjú láti kọ nípa ẹ̀gbọ́n kan tó ti Cotonou dé, tó gbé rédíò bọ̀. Ìlà mẹ́ta, ó kú sí i lọ́wọ́. Ó rí mẹ́rin nínú ogún níwájú rẹ̀ kedere. Ó rí òkìtì gbágùúdá Gouka, eṣinṣin lórí rẹ̀.

“Ó ku wákàtí kan,” ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn wí.

Ìyábọ̀dé pa ojú dé. Ó ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn. Bí ẹ bá dáhùn, n ó fi í sílẹ̀, n ó lọ sí Gouka. Ó kọ gbólóhùn náà, ó sì tẹ́tí.

Ó tẹ́tí títí etí rẹ̀ fi ń hó. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ìgbà náà ló rí i pé dídáhùn bàbá àgbà kò bani lẹ́rù tó àìdáhùn rẹ̀. Nǹkan kan dìde nínú àyà rẹ̀ bí àlejò tó ti pẹ́, tó ti rí i pé ilẹ̀ ń ṣú. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó jáde. Kò dùn ún. Ibi tó jókòó sí ló kàn ṣófo. Ìyábọ̀dé tẹ orí ba, ó sì kọ, kò sì sinmi títí wọ́n fi gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìlà ogójì Mùsíò Nathanaël ló kọ.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàṣé já wọn sílẹ̀ ní Bantè. Ó bá bàbá àgbà níwájú ilé. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó ń dán bí igbá tuntun.

“Bàbá, mo ti dé.”

Bàbá wò ó pẹ̀lú ìfẹ́, bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ-ọmọ. “Ọmọ Siméon! O kú ewu ọ̀nà. Dákun, bá mi bu omi wá, lẹ́yìn náà kí o bá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀.”

Ìyábọ̀dé dúró gbagidi. Siméon sáré jáde látinú ilé, ojú rẹ̀ ti ràn. “Láti àná ni,” ló sọ jẹ́jẹ́. “Iṣu ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó kàn dìde, ó ní kí wọ́n bá òun pe afárí. Ìyá, kí lẹ… kí lo…” Kò mọ èyí tí yóò pè é mọ́.

Ó bu omi náà. Ó tẹ́ ẹní.

Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun wá, Ìmáámù Moucharafou tó jẹ́ aládùúgbò wá, gbogbo wọn ń béèrè ẹni tó kú. “Aya mi ni,” ni bàbá ń wí. “Élisabeth.” Olùṣọ́-àgùntàn rọra tẹ̀ síwájú. “Bàbá, ọdún kẹtàdínlógún rèé o.” Bàbá mi orí. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àná ni ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi.” Ó wá sunkún, ẹkún ọkùnrin tó ti pa á mọ́ láti ọjọ́ tó ti Gánà dé, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé kó má sun ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi jókòó sórí ẹní náà. Nínú ilé, gbogbo nǹkan yí padà láìsí ìpàdé kankan. Àwọn àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí jà pẹ̀lú Ìyábọ̀dé. Ìyá rẹ̀ rán an lódò, ó tún rán an lọ́jà. Siméon ni kò lè mú un mọ́ra: bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ba láti kí i, á rántí, á wá díbọ́n bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀.

Lọ́sàn-án kan, fèrè mobilẹ́ẹ̀tì gba àdúgbò. Mùsíò Nathanaël ló ti Savalou bọ̀. Ó fò sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dúró. Mobilẹ́ẹ̀tì lọ fúnra rẹ̀, ó wọ inú ọgbà ilá.

“Mọ́kàndínlógún!” ló ń kígbe. “Mọ́kàndínlógún nínú méjìdínlọ́gbọ̀n! Àwọn tó máàkì ìwé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n béèrè àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa àwọn ìyá àgbà ní Bantè. Mo ní a ti ń rí sí i!” Ó gbá Ìyábọ̀dé léjìká mú. “Mẹ́rìndínlógún ni tìrẹ nínú ogún! Ọ̀gá wọn ní òun kò lè sùn lẹ́yìn tí òun kà á. Kí lo kọ?”

Ọmọbìnrin náà ní òun kò rántí. Ó béèrè Razack.

Ojú olùkọ́ rọ̀. Razack kọ̀ láti sin ẹnikẹ́ni. Ìyá Houlératou ló ti ìrìn-àjò dé nínú àròkọ tirẹ̀, ó dáná, ó ń dín wàgàṣì fún gbogbo ilé-ìwé láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Wọ́n fún un ní máàkì mẹ́ta. Ó fìdí rẹmi.

Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, Ìyábọ̀dé wọlé tọ bàbá àgbà. Ó ti gbá yàrá náà láàárọ̀. Ó ti gbọn ẹní, ó ti tún un tẹ́.

“Mo gbọ́ ariwo,” ni bàbá wí. “O ti yege.”

“Mo ti yege, Bàbá.”

“Gouka kò rí ọ mú. Ó dára. Jókòó.” Ó sún fún un lórí ẹní. “Ohun tí o kọ tó dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ fún mi.”

Ó sọ ọ́. Ó tú u látinú Faransé, díẹ̀díẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe wẹ Élisabeth, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ láṣọ, bí àwọn obìnrin abúlé Koko ṣe fẹsẹ̀ rìn wá láti sunkún rẹ̀. Bàbá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń ka iṣu sí abà.

“Èmi ńkọ́?” ló wí nígbà tó yá. “Níbo ni mo wà?”

“Ọkọ̀ yín ló pẹ́, Bàbá. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Wọ́n ní kí àwọn bò ó, àwọn obìnrin ní rárá, ó ní ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n dúró.”

“Wọ́n dúró dè mí?”

“Títí oòrùn fi yẹ̀. Ẹ sáré dé pẹ̀lú àpótí lórí yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí i.”

Bàbá Ézéchiel la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti dì, ó wo inú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì gbọn ọ́n nù lẹ́ẹ̀mejì. Lórí ẹní tí Ìyábọ̀dé ti gbọn mọ́ tónítóní láàárọ̀, ọmọbìnrin náà gbọ́ tí erùpẹ̀ ń bọ́.